Fẹ́ǹsì ga, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn: bẹ́ ẹ ṣe lè dá aáró sílẹ̀ ládùúgbò

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ẹni tó bá rò pé ìlú òyìnbó nìkan lèèyàn ti ń dá wà, kó wá wo Kabba, Isanlu tàbí Mopa nílẹ̀ Òkun wa ní Kogi báyìí, ilé tuntun, géètì irin, bohóòlù nínú ọgbà, sólà lórí òrùlé, kò sí ohun tá a ń bá aládùúgbò wá mọ́, bẹ́ẹ̀ omi pípọn nìkan ti tó mú wa pàdé nígbà kan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ yan mínísítà fọ́rọ̀ ìdánìkanwà ní 2018, Japan náà ṣe é ní 2021. Ará Faransé kan, Alexis de Tocqueville, lọ wo Amẹ́ríkà ní 1831, ó ní níbi tí gbogbo èèyàn bá ti dọ́gba, kálukú á fà sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹbí àtọ̀rẹ́ ẹ̀, á fi ìlú yòókù sílẹ̀, àfi ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lórí gbogbo nǹkan ló ń gbà wọ́n.

Ó dáa, báwo làwa náà ṣe máa dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò? Ẹ má fi WhatsApp bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, group ti pọ̀ jù. Ẹ wá èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tílé wọn súnmọ́ra, kẹ́ ẹ dá aáró: òní ebè tèmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gọ́tà tìẹ, onílé lá dáná. Ẹni tí ò bá lè wá, kó rán èèyàn wá dípò, ẹ má bu owó ìtanràn fún un, torí tó bá ti sanwó tán, ó ti rò pé òun ti ṣe tòun nìyẹn, kò ní wá mọ́. Èsúsú náà, ọwọ́ sí ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa gbà á, kì í ṣe tíránsífà, ìrìn yẹn gan-an la fẹ́.

Ẹ tún máa yá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò, àkàsọ̀, ṣọ́bìrì. Ẹni tí ò bá jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì láti Abuja, ẹ má sọ ara yín di olówó ẹgbẹ́, àga iwájú ni wọ́n máa gbé fún yín, ẹ ò ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín níṣẹ́ àga títò.