Àtẹ̀jíṣẹ́ Kan, Igba Regex: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Alájẹṣẹ́kù

Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ọjà, bí àgbẹ̀ kan ní Ọ̀fà bá kọ "ànàmọ́", ẹlòmíràn á kọ "kúkúǹdùkú", ẹ̀kẹta á kọ "ọ̀dùnkún". Ọjà kan náà ni. Regex, ìyẹn àpẹẹrẹ ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà ń wá nínú ọ̀rọ̀, ni akọ̀wé fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá wọn mọ̀ (| túmọ̀ sí "tàbí"): \b(?:anamo|kukunduku|odunkun)\b. Ṣùgbọ́n bí regex bá di igba, tí ẹ sì ń fi wọ́n wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà igba ni kọ̀ǹpútà yóò ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà kúrò. Nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ lo unicodedata.normalize pẹ̀lú "NFD", tó ń ya àmì kúrò lára lẹ́tà, kí ẹ wá yọ gbogbo àmì tó wà ní ẹ̀yà "Mn". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, \b, tó ń ṣọ́ ààlà ọ̀rọ̀, á rí ààlà láàárín "ẹ̀gẹ́", torí Python kò ka àmì wọ̀nyẹn mọ́ ara ọ̀rọ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn pa \b tì o: "ege" wà nínú "vegetable", alẹ́fọ̀ọ́ á sì ṣèèṣì di ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé oko, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà. Ẹ so wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ tó bá wọn rìn, bíi \boko\s+akero\b fún ọkọ̀ akérò (\s+ ni àlàfo).

Ẹ má fi | so gbogbo igba náà pọ̀ ní Python. Èyí tó bá ṣáájú ló ń mú: nínú isu|isu gbigbe, kò ní kan iṣu gbígbẹ láé. Àwọn irinṣẹ́ bíi RE2::Set ti Google, RegexSet ti èdè Rust àti Hyperscan ti Intel ló dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ka àtẹ̀jíṣẹ́. Méjì àkọ́kọ́ á sọ nọ́ńbà àwọn regex tó bá a mu, wọn kò ní sọ ibi tó wà. Ìwọ̀nba tó bá mu yẹn nìkan ni kí ẹ tún fi wá ibẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gba \1 (tó ń wá ohun tó ti mú ṣáájú lẹ́ẹ̀kan sí i) tàbí (?=...) (tó ń yọjú wo ohun tó wà níwájú).

Bó bá jẹ́ Python lásán ló wà, ẹ fi ọgbọ́n Aho àti Corasick (1975) wá àwọn ọ̀rọ̀ gidi lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá lo kìkì regex tó ní ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọjà ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán, ẹ kọ ọ́ báyìí: "agbado 10 kongo". Ẹ má fi lẹ́tà O ṣe òdo. \d, tó ń wá nọ́ńbà, kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dá kọ̀ǹpútà dúró jù ni + inú + (+ túmọ̀ sí "ẹ̀ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ"). Fún ^(o+)+$, bí ẹnìkan bá tẹ "o" 30 tó sì fi "!" parí, ọ̀nà tí Python yóò gbìyànjú ju 500 mílíọ̀nù lọ kó tó gbà pé kò sí. ^o+$ ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí wàhálà.