Àṣìṣe tí ẹni tó ń bá àgbẹ̀ ta igi kósò, apá àti ọ̀gánwó sókè òkun kò gbọdọ̀ ṣe

Láti Kabba dé Ìsánlú, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àgbẹ̀ ni pé, "Orí ilẹ̀ bàbá mi ló hù, ta ló máa dí mi lọ́wọ́?" Ẹ má jiyàn ilẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ ṣàlàyé pé àwọn igi yìí wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti igi tó lè parun, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti 1974. Kósò wọ ìpín kejì rẹ̀, ìyẹn ti àwọn tí èèyàn ò lè tà sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ, ní 2017. Ìpàdé CITES ní Panama ní 2022 fi apá àti ọ̀gánwó kún un. Kí wọ́n mọ èyí kí àáké tó kan igi.

Ẹ má ṣèlérí pé pákó kósò máa kọjá. Láti 2018 ni CITES ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má gba ìwé àṣẹ kósò tó bá ti Nàìjíríà wá. Oníbàárà tó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, àgbẹ̀ yín ló máa kó sí wàhálà.

Ìwé àyẹ̀wò NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, kì í ṣe ìwé àṣẹ CITES. Ti NAQS kàn ń sọ pé kòkòrò àti àrùn ò sí lára ẹrù ni. Iléeṣẹ́ Àyíká ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní ti CITES, kì í lò kọjá oṣù 6, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà á kí ẹrù tó gbéra. Orúkọ sáyẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù, Pterocarpus erinaceus fún kósò, kì í ṣe "àpèpè" tàbí "rosewood".

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó fọwọ́ ara wọn gbin igi tí wọn ò ní àkọsílẹ̀ kankan. Tí ọ̀nà bá ṣí lọ́la, kí ni wọ́n máa fi hàn pé igbó kọ́ ni wọ́n ti gé e? Èso kósò fẹ́lẹ́ bíi bébà létí, irun gbọọrọ tó ń gún ọwọ́ wà láàárín rẹ̀. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá ṣà á ni kí ó ti kọ ọ́ sínú ìwé: abẹ́ igi wo, mélòó ló gbìn, mélòó ló hù, mélòó ló kú. Ẹ má jẹ́ kó fi àwọn tó kú pamọ́. Ìwé tí gbogbo irúgbìn inú rẹ̀ yè ni èmi ò lè gbà gbọ́.

Ẹ má fi òfin yìí dẹ́rù ba àwọn tó ń ta kajú o. Kajú kò sí lábẹ́ CITES. Ìwé NAQS àti ìforúkọsílẹ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa ọjà sókè òkun, ni kí ẹ bá wọn mójú tó.