Kí Ló Ń Tàn Nínú Kírísítà Yín? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Wá Dark Matter Lábẹ́ Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń gbé wá bá mi ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé a ti rí i o!" Dark matter ni wọ́n ń sọ, ohun àìrí tí òòfà rẹ̀ ń fa àwọn ìràwọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí mú. Ẹ ò tíì rí i. Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí sílẹ̀ kí n lè sinmi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: kírísítà sodium iodide tí wọ́n fi thallium díẹ̀ sí máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bíńtín nígbà tí nǹkan bá kọlu átọ́ọ̀mù inú rẹ̀, ì báà jẹ́ dark matter tàbí ìdọ̀tí lásán. PMT méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ bíńtín di àmì iná mànàmáná, ló ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ náà, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. A gbé gbogbo rẹ̀ lọ sábẹ́ òkè kí àpáta lè bá wa gba muon, èérún kékeré tó ń já bọ̀ láti ojú ọ̀run. Ní Gran Sasso ní Ítálì, àpáta tó bo ibẹ̀ nípọn tó 1,400 mítà, muon tó ń dé ìsàlẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹyọ kan lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ìdọ̀tí tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé wọlé ni àpáta ò lè gbà fún yín.

Ìbéèrè: A ò rí àmì kankan rárá.

Ẹ tan iná PMT. Ẹ wo okùn. Ẹ tún okùn yẹn wò.

Ìbéèrè: Àmì ti pọ̀ jù, kò ṣeé kà.

Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Ẹ pa iná yàrá. Bí iye náà bá já wálẹ̀, ẹ wá ihò náà kẹ́ ẹ dí i. Bí kò bá já, ṣé ẹ ti gbé kírísítà náà sábẹ́ iná yàrá láìpẹ́ yìí? Èyí tó bá ti rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tàn fúnra rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ fi í sínú òkùnkùn, ẹ lọ sùn, ẹ padà wá lọ́la. Ẹni tó bá sì ṣí àpótí nígbà tí iná ṣì wà lórí PMT, kó yáa máa wá PMT mìíràn.

Ìbéèrè: Ojú kírísítà wa ti ń pọ́n bí òféèfèé.

Iyọ̀ ni. Ó ti mu omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má fi nǹkan kan yún un. Ẹ gbé e fún àwọn tó ní àpótí náítírójìn gbígbẹ, tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ó yá jù láti máa ní kẹ́ ẹ pe ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo ti rí kírísítà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan "tún ṣe" rí.

Ìbéèrè: Lábẹ́ 2 keV, àmì pọ̀ bí eéṣú.

(keV ni a fi ń wọn agbára àmì kọ̀ọ̀kan.) PMT ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má ka àmì kankan àyàfi tí PMT méjèèjì bá rí i pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ó ṣe pẹ́ tó: ìmọ́lẹ̀ tó ti inú gíláàsì PMT wá máa ń kọ mànà, ó sì ti tán, ti kírísítà tòótọ́ máa ń rọra kú, nǹkan bí 230 nánósẹ́kọ́ǹdì. Èyí tó bá yára kú jù, ẹ dà á nù.

Ìbéèrè: A rí òkìtì kan ní 3 keV. Ṣé òun nìyẹn?

Rárá. Pòtásíọ̀mù 40 ni, irú pòtásíọ̀mù tó ń tú ìtànṣán jáde. Ó ń bá iyọ̀ yín gbé láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tó bá ń kú, ó lè ju ìtànṣán 1,460 keV síta kó sì fi 3.2 keV sílẹ̀ nínú kírísítà. Bí ìtànṣán ńlá yẹn bá ti sá jáde, kékeré yẹn nìkan lẹ máa rí, ní àárín 2 sí 6 keV gan-an níbi tí gbogbo ayé ń wá dark matter sí. Ẹ bi kírísítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá òun rí 1,460 ní àsìkò kan náà. Àwọn COSINE-100, ẹgbẹ́ kan tó wá dark matter ní Kòríà, tilẹ̀ ri kírísítà tiwọn sínú òróró tó ń tàn, nǹkan bí 2,200 lítà, kí òróró náà lè máa mú irú ìtànṣán tó ń sá bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Iye àmì wa ń gùn, ó ń sọ̀, a ò mọ ìdí.

Ẹ jókòó. Èyí fi ojú mi rí màbo fún oṣù mẹ́rin.

Kírísítà kan wà lọ́wọ́ wa nígbà náà, nínú àpótí bàbà, òjé yí i ká. Láti Ọjọ́rú títí di Ẹtì, ó máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tó bá di Àbámẹ́ta, iye àmì á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn; òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ló máa ń ga jù; títí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun á fi lọ, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Kò sì sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ilẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ká ní ìgbà tí èrò pọ̀ ló ń gùn ni, ǹ bá ní ẹ̀rọ ẹnìkan ló ń da iná wa rú. Ilé ṣófo, ariwo wá ń pọ̀ sí i.

PMT ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí òun la máa ń fura sí. Mo pààrọ̀ ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo pààrọ̀ èkejì. Ooru yàrá kò yí padà, fóltéèjì dúró gbọin. Ọ̀kan nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú orúkọ tó máa sọ àbọ̀ ìwádìí náà. Mo ní kó gbé kálámù sílẹ̀ ná.

Gbogbo wa ti tẹ orí mọ́ 2 sí 6 keV bí adìẹ tó rí àgbàdo, kò sẹ́ni tó ń wo òkè gíráàfù. Lóru ọjọ́ kan, mo wò ó. Òkìtì kan dúró ní 609 keV lọ́jọ́ Àìkú, gàgàrà bí ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bismuth 214 ló ni 609, rédọ́nì ló sì bí bismuth 214. Èyí tó bá ṣèèṣì fara kan kírísítà nínú àwọn ìtànṣán ńlá wọ̀nyẹn ló ń fi keV méjì mẹ́ta sílẹ̀ fún wa.

Rédọ́nì, gáàsì tó ń tú ìtànṣán ni, àpáta fúnra rẹ̀ ló ń mí i jáde. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń dín fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ihò abẹ́ òkè náà kù, rédọ́nì á sì kún yàrá. Kò yẹ kí ìyẹn kàn wá, torí náítírójìn ń ṣàn wọ inú àpótí wa tọ̀sánṣán tòrutòru láti lé afẹ́fẹ́ yàrá sẹ́yìn, mítà rẹ̀ sì ń fi hàn pé ó ń ṣàn. Mítà yẹn ni mo fi ń búra. Ṣùgbọ́n ẹnu ìgò gáàsì ló wà, kò sí lẹ́nu àpótí! Lẹ́yìn òjé, níbi tí ojú ò tó, oríkèé páìpù ti là, náítírójìn wa ń da ara rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fi omi ọṣẹ kùn ún, ó hó yee.

A tún un ṣe, òpin ọ̀sẹ̀ sì dákẹ́. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ 3.8 ni ìdajì rédọ́nì fi ń tán, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ òjé 210 máa ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan, ọdún 22 sì ni ìdajì tiẹ̀ fi ń tán. Ìwọ̀nba ló lẹ̀ mọ́ bàbà wa, àmọ́ ìwọ̀nba là ń sá fún. A tú gbogbo rẹ̀, a fi ásíìdì fọ bàbà náà, a sì bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tí gáàsì ti ń jáde kúrò nínú àpótí ni mo ń fi mítà sí.

Ìbéèrè: Tiwa ń gùn ní oṣù kẹfà, ó ń sọ̀ ní oṣù kejìlá. Bí DAMA ṣe rí i náà nìyẹn!

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Lóòótọ́, nǹkan bí ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ni ayé àti oòrùn ń sáré síbì kan náà jù lọ nínú agbo ìràwọ̀ wa, ìgbà yẹn ló sì yẹ kí dark matter pọ̀ jù. Àwọn DAMA, ẹgbẹ́ kan tó fi irú kírísítà yìí wá a ní Gran Sasso, sọ pé àwọn rí ìgbì ọdọọdún bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1996. Ṣùgbọ́n irú iyọ̀ kan náà ni ẹgbẹ́ ANAIS-112 bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Canfranc ní Sípéènì ní 2017, òun náà ni COSINE-100 lò láti 2016 sí 2023, àwọn méjèèjì ò sì rí ìgbì DAMA.

Nítorí náà, báwo lẹ ṣe yọ ìdọ̀tí kúrò? Kírísítà tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ kó tó wọlé ti gbé tritium àti sodium 22 dání, ìdọ̀tí tí ìtànṣán ojú ọ̀run dá sínú rẹ̀, wọ́n sì ń tán díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ ìpíndọ́gba ọdún kọ̀ọ̀kan kúrò lára iye ọdún náà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún á yọ sókè, ìparí rẹ̀ á rì, ọdún tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ lókè. Ìgbì ọdọọdún dé nìyẹn, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín bí i. Àwọn COSINE-100 fi dátà tiwọn dán ọ̀nà yìí wò, ìgbì kan jáde lóòótọ́, àmọ́ ìdojúdé ti DAMA ló jẹ́.

Ìbéèrè: Ìgbà wo wá ni ká pè yín?

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo 609 àti 1,460 lóṣooṣù fún ọdún méjì. Ẹ mú gíráàfù náà dání bẹ́ ẹ bá ń bọ̀.