Bí mo ṣe béèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́fíìsì àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Ìkòròdú

Ẹsẹ̀ àbúrò mi ọkùnrin kò gbé e láti kékeré. Ó tó ọdún méjì tí orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí wọn yóò fún ní àga onítáyà, ìgbàkígbà tí mo bá sì débẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń bá bọ̀: "Ẹ ṣì ní sùúrù, Àǹtí, kò tíì kàn yín." Ta ló wá ń kàn? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ni mo bá ní ìwé wọn gan-an ni n ó béèrè.

Òfin tí wọ́n ń pè ní FOI (Freedom of Information), ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìjọba, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lóṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè fi béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan ṣì ń sọ pé kò kan ìjọba ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fòpin sí àríyànjiyàn yẹn lóṣù Kẹrin ọdún 2025.

Mo ṣi lẹ́tà àkọ́kọ́ kọ. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì fún àbúrò mi, mo sì ní kí wọ́n kó orúkọ gbogbo àwọn tó ti gbà fún mi. Wọ́n fèsì pé ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni ni orúkọ, òfin kan náà ló sì dáàbò bò ó. Inú bí mi. Nígbà tí mo jókòó rò ó, mo bi ara mi pé ṣé n ó fẹ́ kí wọ́n fún àjèjì ní orúkọ àbúrò mi àti àìsàn rẹ̀? Rárá. "Kí ló dé" náà kì í sì í ṣe ìwé. Ẹnu lásán ni wọ́n máa fi dáhùn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Sábó, mo tún un kọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ẹ̀dà ìwé tó fi iye àga onítáyà tó wọlé láti oṣù Kìíní ọdún 2023 hàn, iye tó jáde, àti ìwé ìlànà tí ẹ fi ń yan ẹni tó kàn. Ẹ lè fi nǹkan bo orúkọ àwọn ènìyàn."

Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀. Akọ̀wé ní kí n fi sílẹ̀, ọ̀gá kò sí. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ bá mi lu sítáǹpù sí tèmi, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i." Mo jókòó títí ó fi ṣe é. Déètì yẹn ṣe pàtàkì gan-an: ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Àbúrò mi fẹ́ bá mi lọ, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà dé ọ́fíìsì náà. Ọ́fíìsì àwọn àkàndá ẹ̀dá! Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe, àkókò yẹn sì ti kọjá. Ó dùn mí. Síbẹ̀, àkàndá ẹ̀dá tí kò lè béèrè fúnra rẹ̀ lè rán ẹlòmíràn, ẹni tí kò mọ̀wé kọ sì lè fẹnu sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n pè mí. Ẹnì kan béèrè owó fáìlì. Mo ní owó fọ́tòkọ́pì nìkan ni òfin mọ̀. Ó gba ti ojú ìwé mẹ́rin.

Ojú ìwé kẹta ni mo ti rí i: ẹni tí ìwé dókítà rẹ̀ bá ti ju ọdún kan lọ, wọn yóò yọ ọ́ kúrò lórí ìlà títí yóò fi mú tuntun wá. Ti àbúrò mi ti lé lọ́dún kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, a gba ìwé tuntun. Nígbà tí mo mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo gba sítáǹpù sórí ẹ̀dà tèmi.