Gàárì àkọ́kọ́ tí mo yan ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọdún 11 ni mo fi ṣe akọ̀wé owó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. Òkùnkùn ni mo fi ń jáde nílé, òkùnkùn náà ni mo fi ń wọlé. Nígbà tí mo sọ pé ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń padà sí, pé gàárì ni mo fẹ́ máa yan, ọ̀gá mi rọra bi mí bóyá mo ti rí dókítà.

Ẹrù kíkó kò pẹ́. Mo ta firíìjì àti àwọn àga, mo fa tẹlifíṣọ̀n lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ó ku ibùsùn, ìkòkò, aṣọ àti àpótí ìwé kan. Awakọ̀ tó wá kó mi wo ẹ̀yìn ọkọ̀ títí, ó ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹrù yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn ni?" Mo ní ó tán. Ó tún wo inú yàrá kó tó gbà. A gba Ìkòròdú já sí Ṣágámù, a gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, oòrùn ò tíì wọ̀ tí a fi délé.

Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá mi, ló kọ́ mi níṣẹ́. Inú oko wọn ni a ti wú ẹ̀gẹ́ tó ti lé lọ́dún kan nínú ilẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni a bẹ ẹ́, torí pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í dúró deni; láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Àwa mẹ́rin jókòó yí òkìtì ká pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìròyìn àdúgbò fún gbogbo ọdún tí n kò fi sí nílé: ẹni tó bí ìbejì, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó kọ́lé tí kò sọ fún ìyàwó. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí. N kò rántí ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn níbi iṣẹ́.

A fọ̀ ọ́, a gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n rin ín, a rọ ọ́ sínú àpò, a so ẹnu rẹ̀.

Kíkan ló wá kù, ibẹ̀ sì ni gàárì Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀. Níbòmíràn, wọ́n lè rin ẹ̀gẹ́ lónìí kí wọ́n yan án lọ́la. A kì í fi epo pupa sí tiwa, a kì í sì í kánjú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn mìíràn ń fún un. Ìyá Kékeré kì í gbà kó dín ní márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ tú ẹnu àpò láti gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n pariwo láti ẹ̀yìnkùlé: "Ṣé ọmọ tuntun ló sùn síbẹ̀ tí o fi ń ṣí aṣọ lójú ẹ̀? Fi í sílẹ̀!" Mo so ó padà. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

Kì í ṣe ti adùn nìkan. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin, kíkan, omi tó ń ro jáde àti iná agbada ló ń lé e lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bínú sí ẹni tó bá gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú nítorí ọjà.

Lọ́jọ́ kẹfà, a gbé àpò sábẹ́ jáàkì, a fún un títí omi fi tán lára rẹ̀. Ó jáde ní odindi bí òkúta. A fọwọ́ fọ́ ọ, a fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yíyan. Èéfín igi ń wọ̀ mí lójú, àfọ́kù igbá wà lọ́wọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dà á sínú agbada. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á di kókó. Nígbà tó bá yan, etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ó máa ń dún ṣaara-ṣaara lára agbada. Mo fẹ́ràn ìró yẹn ju ìró èyíkéyìí tí mo gbọ́ ní ọ́fíìsì lọ.

A tẹ́ ẹ kó tutù, a tún jọ̀ ọ́ kó lè kúnná. Ẹ̀gẹ́ tó kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wá kéré lójú mi. Ìyá Kékeré ní bẹ́ẹ̀ ló ń rí, pé bí ẹ̀gẹ́ bá jẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìwọ̀n kan ni yóò dà ní gàárì.

Mo bu ti wọn sínú abọ́, mo da omi tútù sí i, mo fọ́n ẹ̀pà lé e lórí. N kò fi ṣúgà sí i. Wọ́n ní ṣúgà máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Wọ́n mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dijú. Mo dúró, ọwọ́ mi ṣì funfun.

"Ó kan," ni wọ́n wí, wọ́n sì na abọ́ sí mi kí n bu òmíràn.