Ojú Kúílìtì Ti Parí: Ẹ Ó Rán An Pọ̀ Fúnra Yín Ni, Àbí Ẹ Ó Gbé E Fún Oníṣẹ́?

Kúílìtì, ìyẹn aṣọ ìbora alápele mẹ́ta, ò tíì parí títí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi so mọ́ra: ojú tí a fi àgékù aṣọ tò, wádìn ní àárín, ìyẹn òwú pẹlẹbẹ tó ń mú ooru, àti aṣọ ẹ̀yìn. Ibi ìsomọ́ra yìí gan-an ni iṣẹ́ ti sábà máa ń dúró. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ oṣù to ojú rẹ̀ á ká a sínú àpótí, torí kò mọ̀ bóyá kí òun rán an nílé tàbí kí òun sanwó fún ẹni tó ní máṣíìnì ńlá.

Máṣíìnì ńlá yẹn ni wọ́n ń pè ní longarm ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá rẹ̀ máa ń gùn tó ínṣì 18 sí 30, orí férémù tó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12 ló sì ń jókòó sí. Wọ́n á na aṣọ sórí férémù, máṣíìnì á wá máa rìn lórí rẹ̀. Ti ilé yàtọ̀: àyè tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti òpó máṣíìnì kì í sábà ju ínṣì 6 sí 9 lọ, àwa la ó sì máa ti aṣọ gba ibẹ̀. Bí kúílìtì bá fẹ̀ ní ínṣì 60, nígbà tí ẹ bá ń rán àárín rẹ̀, ínṣì 30 ni ẹ ó ká kó sínú àyè ínṣì 8 yẹn, pẹ̀lú wádìn nínú rẹ̀. Apá àti èjìká á gbọ́ ọ.

Ẹ pinnu kí ẹ tó ra aṣọ ẹ̀yìn, torí ìwọ̀n tí ọ̀nà méjèèjì ń fẹ́ kò dọ́gba.

Owó àti agbára

Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n ojú kúílìtì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń díye. Ẹ ó fi ìbú sọ gígùn di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni wọ́n á fi owó lé lórí. Kúílìtì tó fẹ̀ ní ínṣì 60, tó sì gùn ní ínṣì 72, jẹ́ 4,320 ínṣì onígun mẹ́rin. Bí oníṣẹ́ bá ń gba sẹ́ńtì 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́là 86.40 nìyẹn, bó bá jẹ́ sẹ́ńtì 3, ó di 129.60. Iye bátànì kan ṣoṣo tí wọ́n ń rán láti etí dé etí nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ya òdòdó síbí, kí wọ́n tọ etí àwòrán lọ́hùn-ún, owó á lọ sókè gan-an. Ẹ bèèrè bóyá wádìn àti òwú wà nínú rẹ̀, iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà, àti ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ ó fi dúró. Bí Kérésì bá ń bọ̀, ìlà máa ń gùn.

Tó bá jẹ́ ànkárá aláwọ̀ púpọ̀ ni ojú kúílìtì yín, ẹ má ná owó sórí iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́. Àwòrán ànkárá á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bátànì etí-dé-etí ti tó. Orí aṣọ aláwọ̀ kan, bí funfun tàbí búlúù, ni iṣẹ́ òwú ti ń hàn.

Lójú tiwa, kúílìtì ọmọdé tàbí ti orí àga, tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínṣì 45 lọ, tí gígùn rẹ̀ kò sì ju 60 lọ, kò yẹ kó kúrò nílé. Ti bẹ́ẹ̀dì ńlá, ínṣì 80 sókè, ẹ gbé e jáde, àfi bí ẹ bá ní tábìlì gbígbòòrò àti sùúrù. Ọ̀nà àárín náà wà. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń fi ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ gígùn di ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra lásán lórí férémù, ní owó tó kéré, ẹ ó wá lọ parí rẹ̀ nílé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan náà ń fi longarm háyà ní wákàtí-wákàtí fún ẹni tó bá ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ojú gbọ́dọ̀ tẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà. Ọ̀pọ̀ rò pé tí ojú bá ń ru bí ìgbì omi, máṣíìnì ńlá á tẹ̀ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó lé gbọ́dọ̀ ríbi lọ, ibi tó sì máa ń lọ ni pílíìtì tí abẹ́rẹ́ á rán mọ́lẹ̀.

Aṣọ tí a fi yí etí ká ló sábà ń fa èyí. Èèyàn á mú aṣọ gígùn kan, á máa rán an mọ́ etí títí yóò fi dé òpin, á wá gé ìyókù dànù. Etí máa ń fà bí a ṣe ń mú un káàkiri, nítorí náà aṣọ tó wọ ibẹ̀ á gùn ju àárín lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ tẹ́ ojú sílẹ̀, ẹ wọn gígùn rẹ̀ níbi mẹ́ta, ní àárín gan-an àti ní apá ọ̀tún àti òsì, kí téèpù má kan etí. Ká ní ẹ rí 72, 72½ àti 71½. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, 72 ni. Ẹ gé aṣọ etí méjèèjì sí ínṣì 72 géérégé. Ẹ fi pínnì mú ìdajì rẹ̀ mọ́ ìdajì kúílìtì, lẹ́yìn náà igun méjèèjì, kí ẹ tó rán an. Ẹ wọn ìbú náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ aṣọ náà dáadáa, kí gbogbo ojú rírán sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gé òwú tó ń rọ̀ lẹ́yìn, torí òwú dúdú á hàn lábẹ́ aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà, ẹ rán ìlà kan yí gbogbo etí ká, ní ìdá mẹ́jọ ínṣì sí etí, kí ojú rírán má baà tú nígbà tí férémù bá ń fà á.

Àdìrẹ aláró ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún. Bí aró bá yọ, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ kí ẹ tó gé e. Ẹ fọ ànkárá tuntun náà kí gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ kúrò. Aṣọ òkè máa ń tú létí, nítorí náà ẹ lẹ sitéè onígọ́ọ̀mù tó fúyẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdajì ínṣì sílẹ̀ fún ojú rírán dípò ìdá mẹ́rin.

Bí ẹ bá ń gbé e jáde

Aṣọ ẹ̀yìn àti wádìn gbọ́dọ̀ fi ínṣì 4 ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí férémù nílò ibi tí yóò dì mú. Fún kúílìtì tó fẹ̀ ní 60, tó gùn ní 72, ẹ̀yìn á fẹ̀ ní 68, á sì gùn ní 80. Ànkárá fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 45, nítorí náà ẹ gé abala méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 68, kí ẹ so wọ́n pọ̀ kí ojú rírán dá kúílìtì ní ìbú. Yáàdì 4 á tó. Oníṣẹ́ fẹ́ràn ojú rírán tó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dúró lóòró á máa nípọn sójú kan bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ mọ́ ọ̀pá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dẹ̀. Ẹ gé etí líle ànkárá dànù níbi ìsopọ̀, kí ẹ fi ìdajì ínṣì rán an, kí ẹ lọ ojú rírán náà sí méjì.

Ẹ má di ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ férémù. Kí pínnì kankan má kù nínú rẹ̀, kí bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ má sì sí lójú rẹ̀. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ibi tó jẹ́ òkè. Bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wé e sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e sínú páálí.

Bí ẹ bá ń rán an nílé

Ẹ̀yìn tó fi ínṣì 2 sí 3 lé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó nà, àmọ́ kó má fà. Bó bá fà, ẹ̀yìn á sún kì nígbà tí ẹ bá tú téèpù, ojú á sì hunjọ. Ẹ tẹ́ wádìn lé e, ẹ tẹ́ ojú lé wádìn, ẹ máa fi ọwọ́ nù láti àárín lọ sí etí. Ẹ wá fi pínnì tó ń padé dè é ní ínṣì mẹ́rin-mẹ́rin. Kúílìtì tó fẹ̀ ní 60, tó gùn ní 72, á gba nǹkan bí 270 pínnì. Ẹni tó bá fi ọgọ́rùn-ún ṣe é, pílíìtì ẹ̀yìn ló máa fi sanwó ìyókù.

Fún ìlà títọ́, ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ní eyín tirẹ̀ tó ń ti aṣọ láti òkè ni kí ẹ lò, kí ojú àti ẹ̀yìn lè máa lọ pọ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 90/14, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mílímítà 2.5 sí 3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àárín, kí ẹ máa lọ sí etí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá wádìn: wọ́n máa ń sọ bí ìlà méjì ṣe lè jìnnà síra tó, nígbà mìíràn ínṣì 3 tàbí 4, nígbà mìíràn 8 tàbí 10. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, wádìn á já, á sì ṣù jọ nínú aṣọ tí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Fún iṣẹ́ yíyípo, ẹ sọ eyín máṣíìnì tó ń ti aṣọ láti ìsàlẹ̀ kalẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tó ń fò sí i, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì darí aṣọ. Bí òwú bá ń fà tínrín-tínrín lẹ́yìn níbi kọ́nà, ọwọ́ yín ló ń sáré níbẹ̀. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá ń yọ lójú, òwú òkè ti le jù. Ẹ dán an wò lórí àgékù alápele mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan kúílìtì. Ẹ gbé gbogbo aṣọ sórí tábìlì, torí èyí tó bá rọ̀ sílẹ̀ á máa fa abẹ́rẹ́ wọ́.

Ẹni tí kò ní máṣíìnì lè fi òwú nínípọn ta kókó oníméjì ní ínṣì mẹ́rin-mẹ́rin. Ó lágbára, ó sì yá.

Ìgbátí

Ìgbátí ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi bo etí yíká. Ẹ gé etí gbogbo ìpele dọ́gba. Fún ìwọ̀n tí a ń lò yìí, àyíká rẹ̀ jẹ́ ínṣì 264. Ẹ fi 10 kún un fún igun àti ìsopọ̀, ẹ fi 40, ìyẹn gígùn ìlà aṣọ kọ̀ọ̀kan, pín in: ẹ ó nílò ìlà aṣọ 7 tó fẹ̀ ní ínṣì 2½, ìyẹn ìdajì yáàdì. Ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ ṣẹ́ wọn po sí méjì, ẹ rán wọn mọ́ iwájú, kí ẹ fi ọwọ́ rán wọn mọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ rán àkọlé kékeré mọ́ igun ẹ̀yìn: orúkọ ẹni tó to ojú, orúkọ ẹni tó rán an pọ̀, àti ọdún. Oníṣẹ́ tí ẹ sanwó fún náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.