Àwo Tí A Kéde fún Oṣù Púpọ̀ àti Àwo Tó Dé Lójijì: Bí Olólùfẹ́ Orin Ṣe Lè Jẹ Adùn Méjèèjì

Ní Òṣogbo tí mo ń gbé, a kì í ṣàdédé bá ọjọ́ Arugbá, ọjọ́ ńlá ọdún Ọ̀ṣun. Kí ọjọ́ ńlá náà tó pé ní oṣù Kẹjọ, wọn á ti ṣe ìwọ́pópó, ìyẹn ìfọ̀mọ́ ìlú, wọn á ti tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, àwọn àlejò á sì ti máa wọ̀lú díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Arugbá bá ru igbá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, gbogbo ìlú ti wà ní ìmúra. Síbẹ̀, nínú gbogbo ètò wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kì í gbé igbá náà jáde ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Láti ara ọdún Ọ̀ṣun yìí ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dúró de àwo orin tuntun, nítorí ohun tó ń ba adùn àwo jẹ́ kì í ṣe gígùn ìkéde, bí kò ṣe pé wọ́n ti ṣí igbá wò kí ọjọ́ tó pé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé olórin tí ẹ fẹ́ràn fẹ́ gbé àwo jáde, ẹ má ṣe ka oṣù. Iye orin tí etí yín ti mọ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ mú bíró kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwo Made in Lagos ti Wizkid ní orin 14, a sì dúró dè é pẹ́ títí. Méjì nínú àwọn orin rẹ̀, Smile àti No Stress, jáde ṣáájú ní ọdún 2020, wọ́n sì sún àwo náà kúrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 30 nítorí EndSARS, ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ipá ọlọ́pàá. Pẹ̀lú gbogbo ìdúró yẹn, orin 12 ṣì kù tí a kò mọ̀, Essence sì wà lára wọn, orin tó wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021. Ẹ wá fi èyí wé àwo mìíràn tó ní orin 14, tí mẹ́fà ti jáde, tí wọ́n sì ti gé mẹ́ta mìíràn ní ègé-ègé sórí TikTok. Orin márùn-ún péré ló kù fún ọjọ́ náà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi. Ó ti fi oṣù mẹ́rin kọ ègbè orin àwo kan tí kò tíì jáde, nígbà tí àwo náà sì dé, ńṣe ló ń fo láti orin kan sí òmíràn bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù, kò sì sọ̀rọ̀ àwo náà mọ́ láti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ó dùn mí gan-an, torí àwo náà dára.

Bí ìkéde bá gùn, ẹ fi nǹkan pamọ́ fún ara yín. Ẹ gbọ́ orin tí olórin fúnra rẹ̀ gbé jáde, ṣùgbọ́n bí ègé orin bá yọ lójú fóònù yín, ẹ tètè kọjá rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a gbọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún máa ń sọ odindi orin di ègbè kan ṣoṣo létí ẹni. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dẹ́kun gbígbọ́ àwọn tó ti jáde pàápàá. Ní ọjọ́ tí àwo bá dé, ẹ má fo wọn. Ẹ gbọ́ ibi tí olórin tò wọ́n sí àti orin tó ṣáájú wọn, torí orin tí a rò pé ó ti sú wa máa ń ní ìtumọ̀ mìíràn nígbà tó bá wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti ọjọ́ tí wọ́n ń sún síwá sẹ́yìn, èmi kì í gbé e sọ́kàn títí tí n óò fi rí orúkọ gbogbo orin inú àwo náà.

Àwo òjijì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2013, Beyoncé gbé àwo tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè sórí iTunes, ìsọ̀ orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìkéde rárá, orin 14 àti fídíò 17, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú. Nítòsí wa níbí, Davido, ọmọ Ẹdẹ tó múlé gbe wa, kéde àwo Timeless ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2023, ó sì gbé e jáde ní ọjọ́ 31. Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Fún 5ive, àwo rẹ̀ mìíràn tó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2025, orin Awuke àti Funds inú rẹ̀ ti wà létí wa láti ọdún 2024. Olórin kan náà ni, ẹ sì lè fi àwo méjèèjì dán ara yín wò kí ẹ mọ èyí tó bá yín lára mu. Timeless ló bá èmi lára mu, torí inú àwo ni mo ti kọ́kọ́ pàdé orin Unavailable, kì í ṣe lẹ́nu àwọn tó ń jó o káàkiri.

Ewu àwo òjijì ni pé gbogbo orin ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó pariwo sì máa ń bo àwọn tó jẹ́ jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí olórin kò fi àlàfo sí, ẹ̀yin ni kí ẹ fi àlàfo sí i. Láti ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2015 ni ọjọ́ Ẹtì ti di ọjọ́ ìgbéjáde àwo káàkiri ayé, nítorí náà ẹ gba iná sí fóònù yín ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí iná ọba bá wà, kí ẹ sì ra dátà. Ní òru tó bá jáde, ẹ gbọ́ ọ láti orí dé ìdí lẹ́ẹ̀kan, láìka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbọ́ orin mẹ́ta lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ óò fi parí àwo tó ní orin 17. Ẹ gbọ́ wọn níbi tí ẹ ti ń gbé ayé yín: nínú ọkọ̀ láti Òkè-Fìà sí Ọláìyá, níbi tí ẹ ti ń gún iyán, nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ẹ má dájọ́ àwo òjijì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ní ilé wa, a máa ń pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta, kálukú á sì mú orin kan tí kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ láti ìgbà tí àwo náà ti jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, orin tí àbúrò mi bá mú wá ni mo máa ń gbé sùn ní òru ọjọ́ náà.